Gígun Ìgbì: Àyẹ̀wò Òkun Nínú Àròkọ, Òwe àti Iṣẹ́ Ọnà ní Etíkun Èkó

Ìfáàrà

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Thomas Estate, lágbègbè Ajah, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de ìdánwò àṣejáde ní orí-ọ̀rọ̀ àròkọ aṣàpèjúwe kan tí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ Yorùbá kankan: 'Ọjọ́ kan tí mo lọ sí etí òkun'. Méjì nínú àwọn ìwé tí a gbà ni ó fa iṣẹ́ yìí. Nínú ti àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ pé òkun tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, pé ibi tí ó pin sí kò hàn sí ojú ènìyàn, pé Olókun ni ó ni ọlá inú rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá rí i yóò gbà pé iṣẹ́ Olódùmarè tóbi. Nínú èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá àwọn ẹbí rẹ̀ dé Tarkwa Bay kọ báyìí: 'Arákùnrin náà jókòó lórí pákó rẹ̀ níbi tí omi kò tíì ya. Ó jẹ́ kí ìgbì méjì kọjá. Ẹ̀kẹta ni ó gùn.'

Ìwé àkọ́kọ́ ni a fún ní máàkì tí ó pọ̀ jù. Ní ti èkejì, a fa ìlà pupa sí abẹ́ 'gùn', a sì kọ ọ́ sí etí ìwé pé: 'Àṣìlò ọ̀rọ̀. A kì í gun omi.' Nígbà tí a dá ìwé padà, akẹ́kọ̀ọ́ náà wá bá wa, ó ní: 'Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni kí n pè é?' A kò rí èsì fún un.

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ fi hàn pé ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà wo òkun. Ọ̀kan ni ojú ará òkè, tí ó ń wo òkun láti ọ̀nà jíjìn gẹ́gẹ́ bí ilé ọlá àti ibùgbé òrìṣà. Èkejì ni ojú ará etí òkun, tí ó ń wo ìgbì gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń bá ṣiṣẹ́, tí a sì ń bá ṣeré. Méjèèjì ni ó jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ nìkan ni àwa olùkọ́ àti olùyẹ̀wò ń fún ní máàkì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe 'gùn'

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìlà pupa. Bí a bá wo ìlò 'gùn' fínnífínní, a ó rí i pé a ń gun ẹṣin, a ń gun igi, a sì ń gun òkè. Òrìṣà a máa gun olùsìn rẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní elégùn. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, a kò lọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn. 'Gun kẹ̀kẹ́' ni a ń wí, kò sì sí olùyẹ̀wò tí ó ń fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó so àwọn ìlò wọ̀nyí pọ̀ ni pé ohun kan bọ́ sórí ohun mìíràn, ó sì jọba lé e lórí fún ìgbà kan. Ohun tí ọ̀dọ́ náà ṣe lórí ìgbì gan-an nìyí.

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó lè dípò rẹ̀? Ẹni tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ wà nínú omi. Ẹni tí ó léfòó ń lọ síbi tí omi bá gbé e lọ. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ń fi àjẹ̀ ti omi sẹ́yìn. Ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dìde dúró lórí pákó, ó ń darí ara rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, agbára ìgbì ni ó sì ń gbé e bọ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó bá a mu bí 'gùn'. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ó ṣe ohun tí àwọn baba wa ṣe nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí kẹ̀kẹ́, àwa ni a kò sì tètè mọ̀ ọ́n.

Òwe òkun

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta yẹn la òwe kan yé wa, òwe tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́: òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ìtumọ̀ tí a máa ń kọ sójú pátákó ni pé bí ọ̀ràn bá gbóná, kí ènìyàn fi sùúrù mú un. Ìtumọ̀ yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò kún tó. Bí a bá yẹ ìhun òwe náà wò, a ó rí i pé kò sọ pé kí a má wa òkun. Ohun tí ó kọ̀ ni kí á wà á ní irú ọ̀nà tí òun fi ń hó. 'Ruru' àkọ́kọ́ jẹ́ ti omi. 'Ruru' kejì jẹ́ ti ẹni tí ó di àjẹ̀ mú. Òwe náà kò bá ojo sọ̀rọ̀, ẹni tí yóò wọ inú òkun lónìí dandan ni ó ń bá wí.

Báwo ni a ṣe ń wà á, nígbà náà? Ará òkè kò lè sọ ọ́. Ará etí òkun lè sọ ọ́. Èyí tí ó lágbára jù nínú ìgbì tí ó ń ya ní etíkun Èkó ti ọ̀nà jíjìn wá láti ìhà gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ìjì ti ń ru omi sókè. Nígbà tí ìgbì náà bá dé ibi tí omi kò ti jìn mọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa falẹ̀, orí rẹ̀ a gbéra sókè, a sì ya lulẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó. Ọ̀wọ̀ọ́-ọ̀wọ́ ni wọ́n sì máa ń wá: àwọn ńlá díẹ̀ a tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́yìn náà omi a rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n a dúró lẹ́yìn ibi tí omi ti ń ya, a kà á, a sì mú èyí tí ó bá yẹ.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti eré nìkan. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ògiri sí ẹnu ọ̀nà òkun Èkó ní 1908, òkìtì yanrìn tí ó wà lábẹ́ omi níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé bí ó ti wù ú. Ọkọ̀ kéékèèké ni ó ń la ìgbì kọjá pẹ̀lú ẹrù àti ènìyàn, ẹni tí kò bá sì mọ ìgbà tí omi rọlẹ̀ yóò sọ ẹrù ẹlẹ́rù nù. Tarkwa Bay, tí akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ògiri òkúta náà. 'Ó jẹ́ kí ìgbì méjì kọjá' jẹ́ àlàyé òwe yẹn, ó sì péye ju èyí tí ó wà nínú ìwé ìkọ́ni wa lọ.

Ta ni ó ni ìgbì?

Àwọn kan yóò sọ pé eré òyìnbó ni gígun ìgbì, pé kò yẹ kí á fi da èdè wa láàmú. A gbà pé pákó tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò lónìí àti ìlànà ìdíje rẹ̀ ti òkè òkun wá. Ṣùgbọ́n ìgbì kì í ṣe ti ará òkèèrè. Michael Hemmersam, ará Jámánì kan tí ó gbé ní etíkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí ní nǹkan bí 1640, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí a máa so ọmọ mọ́ pákó, wọn a sì gbé e sínú omi kí ó lè mọ omi í wẹ̀. Ní 1834, James Alexander, ọmọ ilẹ̀ Scotland, rí àwọn ọmọdékùnrin ní Accra tí wọ́n gbé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí wọ́n sì gùn ún wá sí èbúté. Kevin Dawson, onímọ̀ ìtàn, kó irú ẹ̀rí báyìí jọ sínú ìwé rẹ̀, Undercurrents of Power, tí ó jáde ní 2018. A kò sọ pé Yorùbá ni àwọn ọmọ Accra wọ̀nyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ etíkun tiwa ni wọ́n, omi kan náà ni ó sì ń lu èbúté Èkó.

Bí a bá wá fi èyí wo fíìmù The Endless Summer, tí wọ́n gbé jáde káàkiri Amẹ́ríkà ní 1966, a ó rí àbùkù rẹ̀. Bruce Brown ni ó ṣe é. Ó tẹ̀ lé ọ̀dọ́kùnrin méjì, Mike Hynson àti Robert August, káàkiri àgbáyé láti wá ìgbì, wọ́n sì dé Senegal, Ghana àti Nàìjíríà. Àwòrán rẹ̀ dùn ún wò, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ẹni tí ó ya fíìmù náà kò mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn Brown nìkan ni a ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ará etíkun tí a rí nínú rẹ̀ kò sọ gbólóhùn kan ní ẹnu ara wọn, bí ẹni pé òkun tí wọ́n ti ń la ìgbì rẹ̀ kọjá láti ìran dé ìran ṣẹ̀ṣẹ̀ di mímọ̀ ní ọjọ́ tí àlejò dé. Ìlà pupa tí àwa fà kò yàtọ̀ sí èyí. Brown kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ọmọ etíkun. Àwa gbọ́ ọ, a sì ní kò tọ̀nà.

Òkun nínú iṣẹ́ ọnà

Ojú méjì yìí náà ni a rí nínú iṣẹ́ ọnà tí ó yí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ká. Ilé iṣẹ́ ọnà tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ wà ní Lẹ́kí, adìrẹ sì wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Nínú àwọn adìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́, ọ̀kan nínú èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Olókun. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n á sì pín ojú aṣọ náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ọnà kọ̀ọ̀kan nínú ojú tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí lẹ́wà, ó sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni ojúkò adìrẹ, ìlú méjèèjì sì jìnnà sí òkun. Aṣọ Olókun jẹ́ òkun tí a tò létòlétò: ọlá wà níbẹ̀, ìgbì kò sí. Ojú ará òkè nìyí ní ibi tí ó ti dára jù lọ.

Nínú àwọn àwòrán tí a rí ní ọjà iṣẹ́ ọnà tí ó wà ní Jákáńdè, Lẹ́kí, ọkọ̀ ojú omi pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọkọ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, oòrùn ń wọ̀, omi dákẹ́ rọ́rọ́, apẹja sì kọ ẹ̀yìn sí wa. Kì í ṣe pé àwọn ayàwòrán náà kò mọ òkun. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílé ń rà fún ògiri. Nínú ìwọ̀nba díẹ̀, ìgbì ń ya, iṣan apá àwọn tí ó ń ti ọkọ̀ sínú omi sì yọ. Àwọn wọ̀nyí ni ó bá gbólóhùn akẹ́kọ̀ọ́ wa mu, a sì gbà pé àwọn ni iṣẹ́ ọnà tí ó lágbára jù, nítorí pé ẹni tí ó wò ó yóò kọ́ ohun kan nípa omi.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Ọ̀rọ̀ yìí ju máàkì lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn ará Tarkwa Bay kúrò, wọ́n sì wó ilé wọn. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn kan ń jí epo fà nínú ọ̀pá tí ó gba ibẹ̀ kọjá. Ṣáájú èyí, láàárín 2016 sí 2017, wọ́n ti lé àwọn ará Òtòdo Gbàmẹ̀, tí wọ́n jẹ́ apẹja, kúrò ní etí ọ̀sà. Wọ́n sì ti tú Màrókò ká ní 1990. Kì í ṣe ilé nìkan ni ó ń bàjẹ́ bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Ìlàjẹ, Ègùn àti àwọn ará etíkun mìíràn ní ọ̀rọ̀ fún ìgbì tí ó ń bọ̀, fún èyí tí ó ya, àti fún omi tí ó ń fà padà. Bí àwọn ènìyàn bá fọ́n ká, tí àwọn ọmọ wọn sì dé ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ fi gègé pupa dúró dè wọ́n, ìgbà wo ni àwọn ọ̀rọ̀ náà yóò dé inú ìwé?

Àgbálọgbábọ̀

A dá àbá mẹ́ta. Èkíní, nínú àròkọ aṣàpèjúwe, kí olùyẹ̀wò máa wo bí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí ṣe hàn sí òǹkàwé tó, kí ó tó máa ka iye ọ̀rọ̀ dídùn tí ó há sórí. Èkejì, kí á gba 'gun ìgbì' gẹ́gẹ́ bí ìlò tí ó tọ̀nà, kí á sì fi í sínú èdè-ìperí eré ìdárayá. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ tí ó wà láti Bàdágìrì dé Lẹ́kí àti títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ rán àwọn ọmọ lọ bá àwọn àgbà etíkun láti kọ ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀, bí a ti ń rán wọn lọ gba oríkì. Èyí kò tako Yorùbá àjùmọ̀lò. Ilé tí a bá ń fi yàrá kún kì í wó.

Ní tiwa, a pe akẹ́kọ̀ọ́ náà padà. A sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí ó lò ni ó tọ́, a pa ohun tí a kọ sí etí ìwé rẹ̀ rẹ́, a sì dá máàkì rẹ̀ padà fún un. Ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ ni èyí, ó sì ṣeé tún ṣe. Nínú ìdánwò àṣejáde, olùyẹ̀wò kì í rí ojú ọmọ, ọmọ kò sì lè béèrè ohun tí òun ì bá ti kọ. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ èyí, kí ó tó di ìgbà tí a ó tún di gègé pupa mú.