Ọrẹ tí a Fi fún Ọlọ́run: Àgbéyẹ̀wò Bagels from Benny

Ìwé aláwòrán fún àwọn ọmọdé ni Bagels from Benny. Aubrey Davis, òǹkọ̀wé ọmọ Kánádà, ni ó kọ ọ́, Dušan Petričić ya àwòrán rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 2003. Benny ń ran bàbá rẹ̀ àgbà lọ́wọ́ nílé búrẹ́dì. Bàbá kọ́ ọ pé Ọlọ́run ni ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí búrẹ́dì. Benny wá ń gbé bagel, búrẹ́dì roboto tí ó ní ihò láàárín, sínú àpótí mímọ́ inú sínágọ́gù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbà pé Ọlọ́run ń jẹ ẹ́, títí ó fi rí i pé tálákà kan ni ó ń kó o.

Ìtàn àtijọ́ àwọn Júù ni Davis tún sọ. Nínú ìtàn náà, ọkùnrin kan tí ó ti ilẹ̀ Pọ́túgàl wá sí ìlú Sáfẹ́dì gbọ́ ìwàásù lórí àkàrà ìfihàn, ìṣù àkàrà méjìlá tí a ń tò síwájú Ọlọ́run ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi (Léfítíkù 24). Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búrẹ́dì lọ sí sínágọ́gù ní ọjọ́ Ẹtì. Ìránṣẹ́ sínágọ́gù ni ó ń kó o lọ. Nígbà tí rábì mọ̀, ó pè é ní òmùgọ̀. Isaac Luria sì ránṣẹ́ sí rábì pé yóò kú, nítorí pé ó ba ohun tí inú Ọlọ́run dùn sí jẹ́.

Òtítọ́ kan náà ni rábì àti bàbá àgbà mọ̀: Ọlọ́run kì í jẹ búrẹ́dì. Rábì fi í kan ọkùnrin náà lábùkù. Bàbá fi í tu Benny nínú, pé ẹni tí ó bọ́ ẹni tí ebi ń pa ti tún ayé ṣe díẹ̀, ọpẹ́ sì ni. Oore kì í gbé, bí ẹni tí ó jàǹfààní rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí olóore ní lọ́kàn. Níhìn-ín ni agbára ìwé náà wà.

Síbẹ̀, àdánù méjì ni a tọ́ka sí. Èkíní, bagel jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́. Bí ó ṣe rọ́pò búrẹ́dì Ọjọ́ Ìsinmi, okùn tí ó so ọrẹ náà mọ́ àkàrà ìfihàn já. Èkejì, bí rábì ti kúrò nínú ìtàn, ìkìlọ̀ fún ọ̀mọ̀wé tí ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ìgbàgbọ́ aláìmọ̀wé bá a lọ. Ọmọdé lè má nílò ìkìlọ̀ náà. Lójú tiwa, àwa tí ìtúpalẹ̀ ìwé jẹ́ iṣẹ́ wa gan-an ni ó kàn.