Kí Old School RuneScape Yára, Kí Ojú Rẹ̀ Má Yí

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí Old School RuneScape lè rò pé kọ̀ǹpútà òun ló bàjẹ́. Orí òkè inú rẹ̀ kún fún igun, ọwọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ ò sì ní ìka. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá géèmù yìí ò bá ojú rẹ̀ jà. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ó ń lọ́ra. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ kóòdù jẹun ló sì ń pò wọ́n pọ̀.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Andrew àti Paul Gower tó gbé RuneScape jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní ọdún 2001. Java ni wọ́n fi kọ ọ́. Lọ́dún 2008, Jagex tó ni géèmù náà fún un ní ojú tuntun tí wọ́n pè ní RuneScape HD. Nígbà tó di 2013, wọ́n ní kí àwọn èèyàn dìbò bóyá wọ́n fẹ́ ti àtijọ́ padà. Wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹ̀dà oṣù kẹjọ ọdún 2007 ni wọ́n gbé jáde, èyí tó ti wà kí HD tó dé.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Nínú ẹ̀dà yẹn, CPU ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kun gbogbo àwòrán. Fèrèsé géèmù nígbà yẹn jẹ́ 765 sí 503, ìyẹn pixel 384,795. Ẹ wá gbé e sórí kọ̀ǹpútà òde òní tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1920 sí 1080: pixel 2,073,600, ó ju ìlọ́po márùn-ún lọ. CPU yìí kan náà ló tún ń bá server sọ̀rọ̀, nígbà tí káàdì gíráfíìkì jókòó síbẹ̀ bí àlejò. Kódà bí CPU bá lágbára, àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni òpin rẹ̀.

RuneLite, ètò tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọ inú géèmù náà, ló gbé iṣẹ́ yìí fún káàdì gíráfíìkì nípasẹ̀ plugin tí wọ́n ń pè ní GPU. Ẹ lè ní kí ló le níbẹ̀? Káàdì òde òní máa ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó: fún pixel kọ̀ọ̀kan, ó ń rántí ohun tó sún mọ́ ojú jù, ohun tó bá wà lẹ́yìn á fara pamọ́ fúnra rẹ̀. Old School ò mọ ìyẹn. Bíi kunlékunlé ló ń ṣe: á kun ohun tó jìnnà ṣáájú, á wá kun ohun tó sún mọ́ lé e lórí. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ fún àwọn onígun mẹ́ta inú rẹ̀ ní nọ́ḿbà tó ń sọ èwo ló gbọ́dọ̀ borí èwo. Aṣọ lè wọnú ara lọ nínú ìṣirò, àmọ́ nọ́ḿbà rẹ̀ ní aṣọ ló máa wà lókè.

Bí èèyàn bá kàn ní kí káàdì máa fi jíjìn nìkan ṣe ìdájọ́, awọ ara á yọ láàárín aṣọ. Ó máa yára o, àmọ́ kì í ṣe géèmù yẹn mọ́. Àwọn RuneLite ò gba ọ̀nà àbùjá yẹn. Wọ́n kọ́ káàdì tuntun ní àṣà àtijọ́: kó tó kun ohunkóhun, á kọ́kọ́ to àwọn onígun mẹ́ta náà bí CPU ṣe máa ń tò wọ́n. Lójú tèmi, iṣẹ́ lámèyítọ́ gidi nìyí. Wọ́n rí i pé orí ohun tó dà bí àléébù ni iṣẹ́ ọnà náà dúró lé.

Àbùkù náà wà níbẹ̀. Compute shader ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe títò yẹn, OpenGL 4.3 ló sì mú un wá. OpenGL orí Mac ò kọjá 4.1. Fún ìgbà kan, ìran lásán ni àwọn tó ní Mac ń wò, kí wọ́n tó fi OpenCL la ọ̀nà fún wọn. Ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí káàdì rẹ̀ ti gbó ńkọ́? Irú wọn gan-an ni géèmù ń lọ́ra fún jù. Àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti yá tẹ́lẹ̀, ìdajì àtúnṣe ni.

Plugin mìíràn wà, 117 HD. Nígbà tó fẹ́ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Jagex ní kí ẹni tó ṣe é dáwọ́ dúró, pé àwọn náà ń ṣe tiwọn lọ́wọ́. Àwọn èèyàn fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n ṣe ìwọ́de nínú géèmù fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Jagex yí ohùn padà. Plugin yìí ní òjìji, ó ní ìmọ́lẹ̀ tuntun, omi rẹ̀ ń dán. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ ó tún gbé ẹrù tuntun lé káàdì lórí, òjìji rẹ̀ sì ń bo àwọ̀ pẹlẹbẹ tí ojú fi ń tètè dá nǹkan mọ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo fi gbà á ni pé ẹni tó bá wù ló ń tàn án. Jagex lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣàníyàn nípa ojú géèmù wọn, àmọ́ kò dáa kéèyàn ti ilẹ̀kùn nígbà tí ẹlòmíì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé server ni onílù. Ìṣẹ́jú-àáyá 0.6 ni ìlù tí géèmù yìí ń jó sí; àwòrán 50 ni o, 144 ni o, idà ò ní yára balẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú nìkan là ń tù. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn géèmù tuntun, àkísà yìí ló ń mú èèyàn padà sí Old School. Ẹni tó bá fẹ́ mú un yára, kó kọ́kọ́ mọ ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.