Awọ Ẹfọ̀n àti Ìka Zeta: Àgbéyẹ̀wò Àjèjì Obìnrin nínú Fíìmù Zeta One

Ilé-iṣẹ́ Tigon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé fíìmù Zeta One jáde ní ọdún 1969. Michael Cort ni olùdarí rẹ̀. Orúkọ mìíràn tí wọ́n fi tà á ni Alien Women, ìyẹn ni ‘àwọn àjèjì obìnrin’. Ó da ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ìtàn amí àti àwàdà ìbálòpọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ó rọrùn láti sọ pé àìlówó lọ́wọ́ ni ó ba fíìmù yìí jẹ́, tàbí pé ìhòòhò inú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn ìbílẹ̀ Yorùbá kan, ibi tí àbùkù rẹ̀ wà gan-an yóò hàn: àṣírí obìnrin kò ní iye kankan nínú rẹ̀.

James Word, amí tí Robin Hawdon ṣe, ni ó ń sọ ìtàn náà fún Ann Olsen (Yutte Stensgaard), lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti ta káàdì títí tí aṣọ fi ń bọ́ lára wọn. Ìtàn rẹ̀ dá lórí Zeta (Dawn Addams), olórí Angvia, ibi tí obìnrin nìkan ń gbé. Wọ́n ń jí obìnrin ayé gbé láti fi kún iye wọn. Bourdon (James Robertson Justice) ń wá ọ̀nà láti tú àṣírí wọn. Tí a bá tún lẹ́tà ‘Angvia’ tò, orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ojú ara obìnrin ni yóò jáde. Agbára àwọn obìnrin yìí wà ní ìka wọn: wọ́n a nà án, ọkùnrin a ṣubú.

Irú àjèjì bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ọdẹ kan rí ẹfọ̀n tí ó bọ́ awọ sílẹ̀, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó sì gba ọjà lọ. Ọdẹ gbé awọ náà pamọ́ sí òkè àjà, ó sì fi bẹ́ẹ̀ gbé obìnrin náà níyàwó, pẹ̀lú àdéhùn pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ọtí pa á, ó tú u fún ìyálé. Ìyálé fi bú orogún rẹ̀. Obìnrin náà wá awọ rẹ̀ rí, ó gbé e wọ̀, ó fi ìwo pa ìyálé, ó fi ìwo sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì wọgbó lọ. Ọya ni ọ̀pọ̀ asọ̀tàn pè é. Ìwo ẹfọ̀n sì wà lójúbọ Ọya títí dòní.

Ìtàn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọkùnrin tí ó ń wo obìnrin tí ó ń bọ́ra. Ìtàn ọdẹ kì í ṣe ìtàn aláìlẹ́ṣẹ̀: olè jíjà ni ìgbéyàwó náà ti wá, orogún ni a sì di ẹ̀bi púpọ̀ rù. Síbẹ̀, ó sọ ẹni tí ó wòran di ajigbèsè. Ẹnu tí kò dákẹ́ ni ó tú ilé ọdẹ ká. Nínú Zeta One, amí ń tú àṣírí obìnrin lórí ibùsùn láti ìbẹ̀rẹ̀, eré ìfẹ́ ni ó sì fi ń ṣe. Ìka Zeta lè pa ọkùnrin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu amí ni ó ń darí ìtàn rẹ̀.

Kì í ṣe pé Yorùbá kórìíra àwàdà ìbálòpọ̀. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, ìlú Ìbàdàn ń fi ojú ara kọrin ní gbangba. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pa àwàdà pọ̀ mọ́ ìjúbà àwọn ìyá, nítorí pé ẹni tí a ń pa lẹ́rìn-ín ni a tún ń bẹ̀rù. Ẹ̀rù yìí ni Zeta One kò ní.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí ń fi owó kékeré ṣe fíìmù Yorùbá. Ní Ọ̀rẹ̀, ọ̀nà Èkó sí Benin ń kó àlejò wọ̀lú lójoojúmọ́, igbó ọba Oluwa sì wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya àjèjì obìnrin níbẹ̀ kò nílò ọkọ̀ òfuurufú. Awọ ẹranko kan, òkè àjà kan àti ọkùnrin tí kò lè pa ẹnu mọ́ tó o. Ohun tí owó kò lè rà fún un ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí Cort kò bi ara rẹ̀: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó sọ ohun tí obìnrin náà ní kó má sọ?