Ọgbọ́n Oko Onípele ní Òkè Sukur

Ní àárín òkè Mandara, ní ìpínlẹ̀ Adamawa, àwọn ará Sukur sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta di oko onípele, èyíinì ni oko tí a tẹ́ ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn. Etí ìpele kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mọ odi kékeré sí láìlo amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì; òkúta lórí òkúta ni wọ́n tò ó, kí ọ̀gbàrá má baà wọ́ ilẹ̀ lọ, kí omi òjò sì lè rọra dé gbòǹgbò ọkà bàbà. Láti ọdún 1999 ni UNESCO ti ka Sukur mọ́ ogún àgbáyé, ibi tó yẹ kí arìnrìn-àjò mọ̀ ni.