Títẹ́ omi lórí omi ṣúgà

Ede ti lókìkí nídìí kíka jínóòmù. Ní oṣù kẹta 2020, àwọn ará ilé ìwádìí jínóòmù ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's tó wà níbẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ka ti kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń di odidi nínú sẹ́ẹ̀lì ló gbà mí lọ́kàn jù, ọ̀gá mi ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń rí i mú.

Z ni pùròtéènì tó kéré jù nínú fáírọ́ọ̀sì ibà Lassa. Ásíìdì àmínò 99 péré ni. Ọ̀rá tó wà lórí rẹ̀ ló fi ń lẹ̀ mọ́ inú awọ sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ló ti ń kó àwọn yòókù jọ. Ìlà ásíìdì àmínò kúkúrú méjì tó wà ní ìdí rẹ̀, PTAP àti PPPY, a wá pe pùròtéènì sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ wá gé ọrùn ohun tó ń rú jáde. Láti 2003 la ti mọ̀ pé Z nìkan lè rú jáde báyìí, nítorí náà a lè kọ́ nípa rẹ̀ láìfọwọ́ kan Lassa gan-an.

Láti rí ohun tó rú jáde náà mú, omi tí sẹ́ẹ̀lì ti wà nínú rẹ̀ la ń tẹ́ sórí omi ṣúgà. A ó tẹ túùbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, imú píípẹ́ẹ̀tì a kan ara rẹ̀, omi a máa yọ́ wálẹ̀; kò gbọdọ̀ kán. Ọmọ Ede ni ọ̀gá mi, ìlú Timi Láoyè tó mọ dùndún í lù, àtàǹpàkò wọn sì ń tẹ píípẹ́ẹ̀tì bí onílù ṣe ń fún ọṣán. Wọn kì í wo ojú mi, ààlà omi méjèèjì ni wọ́n ń wò. "Rọra, ọmọ mi. Kò tíì dá." Mo ṣì ń gbọ́ ohùn wọn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ààlà náà ni gbogbo iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń yí i, èyí tó ti di odidi nìkan ló lè la ṣúgà kọjá dé ìsàlẹ̀. Z tó kàn tú jáde lára sẹ́ẹ̀lì tó kú yóò dúró lókè. Bí ààlà bá dàrú, àwọn méjèèjì á pàdé nísàlẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí oògùn inú ìgò tí wọ́n ń tà báyìí, èyí tó ń kó pùròtéènì lóríṣiríṣi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kíá ló ń ṣe, lóòótọ́. Kí ló wá fi hàn? Ẹ yí ásíìdì àmínò kejì Z padà, kí ọ̀rá má lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ṣúgà: ìsàlẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ọjọ́ tí mo gbé àwòrán irú àbájáde bẹ́ẹ̀ lọ bá ọ̀gá mi, wọ́n mú un lọ sójú fèrèsé, wọ́n wò ó pẹ́. "Ẹ̀n-ẹ́n, èyí là ń wí." Kí ẹni tó bá fẹ́ lo oògùn inú ìgò fi irú rẹ̀ hàn mí ná.