Ta Ni "A" Nínú Ewì Gwendolyn Brooks?

Nígbà tí a wà ní yunifásítì ní Ọ̀tà, kọ̀ǹpútà là ń kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká mú kọ́ọ̀sì kan lórí lítíréṣọ̀. Olùkọ́ wa pín ewì Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ká lọ kà á, ká sì wá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú kíláàsì. "We Real Cool" ló kàn wá, ewì Gwendolyn Brooks tó wà nínú ìwé rẹ̀ The Bean Eaters (1960). Brooks yìí ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pulitzer, lọ́dún 1950. Inú wa dùn: gbogbo ewì náà ò ju ọ̀rọ̀ 24 lọ. A ní iṣẹ́ ti parí!

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Brooks sọ pé àwọn 7 kan tó ń ṣeré pool ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni ò mọ pool? Àwọn bàbá tó tẹjú mọ́ kúpọ́ọ̀nù bọ́ọ̀lù, àbí? A ti fi àwòrán bàbá arúgbó sí síláìdì kí olùkọ́ tó ní irú snooker tó kún Sango ni. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí.

Àṣìṣe kejì ló ṣì ń dùn wá. A kọ ọ́ gàdàgbà pé ewì náà ń bá àwọn ọ̀lẹ tó sá kúrò nílé ìwé wí. Olùkọ́ bi wá pé, "Ta ló ń sọ̀rọ̀?" A wo ojú ara wa. "We" ni Brooks kọ; "wọ́n" làwa kà.

Ẹ wo bí ewì náà ṣe rí. Ìlà 8 ni. Ìlà 7 àkọ́kọ́ parí sí "We", ohun tí wọ́n ṣe á wá bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ni ò ní in. Ikú ló wà níbẹ̀; kò sẹ́ni tó kù tó máa sọ pé "a". Brooks fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé jẹ́jẹ́ lòun máa ń pe "We" yẹn, torí àwọn ọmọ náà ò dá ara wọn lójú. Ẹni tó ń búni kì í rẹ ohùn sílẹ̀ báyẹn.

Nígbà tí a fẹ́ tú u sí Yorùbá ló tó yé wa dáadáa. Tí a bá fi "àwa" parí ìlà, ó di fáàrí: àwa nìyí, àwa la ni àdúgbò! "A" ló yẹ, ṣùgbọ́n "a" kì í dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀rọ̀-ìṣe fara tì. Ẹni tó bá sọ "a" tó dákẹ́, ẹnu rẹ̀ la máa wò: a kí ni? A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìparí ìlà, kí gírámà máa bínú. Ìdúró yẹn gan-an ni ewì náà.

Terrance Hayes gbọ́ ìdúró yẹn. Nínú Lighthead (2010), ó fi ọ̀rọ̀ Brooks parí ìlà tirẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ̀ lé òpin ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, Brooks ni wàá kà. "The Golden Shovel" ló pè é. Àwa tó ń kọ kóòdù mọ irú iṣẹ́ yìí: o kọ́ tìrẹ lé ti ẹlòmíì, ti ẹni àkọ́kọ́ ò sì gbọdọ̀ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ewì Hayes, "we" ti di ọmọ kékeré àti bàbá rẹ̀. Kì í ṣe àjèjì mọ́.

Ṣé ẹ rántí snooker Sango? Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá a nítòsí gáréèjì, kíláàsì kan náà la jọ wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Owó ló lé e kúrò nílé ìwé. Òru ló fi ń ru ẹrù ní ilé-iṣẹ́ kan, wọn ò fún un ní lẹ́tà ìgbàṣíṣẹ́. Ọ̀sán ló fi ń ṣeré. Lórí síláìdì wa, ọ̀lẹ ni.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá fún ní ewì yìí lọ́la, kí ẹ tó kọ "wọ́n" sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka "We" náà sókè. Kí ẹ sì rọra pè é.