Lẹ́tà Òjé Tó Pàdánù Àmì Ìdí Rẹ̀

Ẹni tó bá ti Walworth Road ní London wọ Aylesbury Estate, tó sì gba Burgess Park já sí Peckham, kò ní ṣàì rí fọ́ǹtì aláṣà àtijọ́. Ilé kọfí ń lò ó, onígbàjámọ̀ ń lò ó, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa náà kò gbẹ́yìn. Lọ́dún 2013, ìwádìí Yunifásítì Roehampton ka ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan. Pósítà ìsọjí tí wọ́n ń tẹ̀ kò ní kéré. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìrísí ìwé ayé Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n ń wá: lẹ́tà tó ki pọ́pọ́, tó dúró lórí ẹsẹ̀ gbàǹgbà, tí etí rẹ̀ jẹ díẹ̀ bí ẹni pé yíǹkì kò dé ibi gbogbo.

Iṣẹ́ ọwọ́ gidi wà nínú irú àjíǹde yìí. Lọ́dún 1845 ni ilé ìyọ́lẹ́tà Fann Street ti Robert Besley ní London gbé Clarendon jáde. Púpọ̀ nínú lẹ́tà kìǹbà-kìǹbà orí bánà òde òní, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ti lẹ́tà Doves Type tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cobden-Sanderson, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín, da òjé rẹ̀ sódò Thames láti orí afárá Hammersmith láàárín 1916 sí 1917, kí ẹlòmíràn má bàa lò ó. Ayàfọ́ǹtì kan, Robert Green, tún un yà sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di 2014, àwọn òmùwẹ̀ bá a yọ nǹkan bí 150 nínú òjé náà lábẹ́ omi, ó sì fi wọ́n tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Òótọ́ sí ìtàn ni gbogbo àwọn tó ń jí lẹ́tà àtijọ́ dìde ń polówó. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú London yìí náà ni wọ́n ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe ní 1843, ọdún méjì ṣáájú Clarendon. Nígbà tí ilé ìwé Seeleys gbé ti 1852 jáde, ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú rẹ̀ tàmìtàmì. Lẹ́tà wa kì í ṣe àlejò nínú òjé ayé Victoria. Ẹni tó jí sáà yẹn dìde, tó ya etí jíjẹ láìfo ọ̀kankan, tó wá fo àmì ìdí, ìdajì ìtàn ló jí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan tí kì í wọ́n lórí bánà: ÌṢẸ́GUN. Ì kò ní wàhálà. Àwọn ará Ítálì ń lò ó, nítorí náà ó wà nínú fọ́ǹtì tó pọ̀ jù. Ẹ máa ń wà nígbà mìíràn, nítorí àwọn ará Vietnam, tí àmì ìdí jẹ́ àmì ohùn lọ́dọ̀ wọn. A jẹ nínú oore wọn. Ṣ kì í sábà sí, kọ̀ǹpútà á sì lọ yá a nínú fọ́ǹtì mìíràn: Arial tínínrín láàárín Clarendon. Ó wá ku àmì ohùn orí Ẹ. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà, kò fún Ẹ́ ní tirẹ̀. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé. Bí ẹni tó yà á kò bá ṣètò rẹ̀, àmì á yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lọ sórí G. Ayàpósítà tí iṣẹ́ ń lé léré á kúkú kọ ISEGUN.

Èyí tó burú jù ni fọ́ǹtì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ta yíǹkì sí lára. Ẹni tó dúró ní ibùdókọ̀ kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀ṣọ́ ni tóótóó abẹ́ O tàbí lẹ́tà. Fọ́ǹtì tó mọ ilé àmì dáadáa wà, bíi Gentium àti Charis tí àjọ SIL ṣe, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú ìwé ni wọ́n. Wọn kò lè pariwo lórí bánà. Nínú lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ gbàǹgbà, àmì roboto á há sábẹ́ ẹsẹ̀ E. Ìlà òró kúkúrú tí ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ń lò dípò rẹ̀ ni èmi ìbá mú: kó ki bí ẹsẹ̀ lẹ́tà, kó so mọ́ ọn, kí ìlà ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e sì sún sísàlẹ̀ díẹ̀.